Fláàṣì, Apollo, FTP tàbí ẹ̀dà gbogbo ẹ̀rọ: èwo ló yẹ séèfù géèmù yín lórí PS tí wọ́n ti háàkì?

Ẹni tó bá ti gbá Master League nínú PES dé sáà kẹjọ, tí iná lọ tó tún dé, tí PS wá kọ "Corrupted Data" sí i lójú, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ohun tí séèfù, ìyẹn fáìlì tí géèmù fi ń pa ibi tí ẹ gbá a dé mọ́, jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n iná nìkan kọ́ ló ń pa séèfù. Ẹlòmíràn fi àpúdéètì sórí géèmù lónìí, ó fẹ́ padà sí ti àná lọ́la, séèfù kọ̀ láti bá a padà. Ẹlòmíràn yọ háàdì dísìkì ìta kúrò lára PS4 rẹ̀ ní Ìjàpọ̀, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní South Gate FUTA kó tó mọ̀ pé géèmù nìkan ni òun gbé dání, séèfù wà nílé. Ẹlòmíràn sì pa orúkọ aṣàmúlò kan rẹ́ torí pé orúkọ náà kò wù ú mọ́, gbogbo séèfù tó wà lábẹ́ orúkọ yẹn bá a lọ.

Lórí PS tí wọn kò fọwọ́ kàn, ẹni tó ń sanwó PlayStation Plus lè jẹ́ kí séèfù máa gun orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ fúnra rẹ̀. PS tí wọ́n ti háàkì, ìyẹn èyí tí wọ́n ti ṣí kó lè gba ètò tí Sony kò fọwọ́ sí, kò sí nínú ètò yẹn. Kí ẹ tó lè wọ PSN, ìyẹn ìkànnì PlayStation lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà lórí sọ́fítíwíà tó tuntun jù, sọ́fítíwíà tuntun yẹn gan-an ló sì ń dí ihò tí háàkì gbà wọlé. Ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ ni ìtọ́jú séèfù wá wà. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà láti ṣe é, ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà. Èyí tó dára lórí PS3 lè jẹ́ àṣedànù lórí PS4. PS3 àti PS4 la máa dúró tì jù níbí, torí àwọn ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó. A ó kan PS2 àti Switch díẹ̀.

Ibi tí séèfù ń gbé

Kò sí bí ẹ ṣe lè yan ọ̀nà tí ẹ ò bá mọ ibi tí ohun tí ẹ ń tọ́jú wà.

Lórí PS3, séèfù wà nínú /dev_hdd0/home/00000001/savedata/. 00000001 yẹn ni aṣàmúlò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀dá lórí ẹ̀rọ. Ẹnì kejì jẹ́ 00000002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Séèfù kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́ldà tirẹ̀, orúkọ fọ́ldà náà sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà géèmù, irú bíi BLES tàbí BLUS pẹ̀lú dígíìtì márùn-ún. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí PARAM.SFO, PARAM.PFD, àwòrán kékeré tó ń jẹ́ ICON0.PNG, àti fáìlì séèfù gan-an. Àpúdéètì kò sí níbẹ̀ rárá. Inú /dev_hdd0/game/ ni àpúdéètì ń gbé. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, èyí sì wúlò gidi, a ó padà dé ibẹ̀.

Lórí PS4, inú ẹ̀rọ nìkan ni séèfù máa ń wà. Ẹ so háàdì dísìkì ìta mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ 250GB tó kéré jù tí PS4 ń gbà tàbí 8TB tó tóbi jù, géèmù àti àpúdéètì rẹ̀ ló máa lọ síbẹ̀. Séèfù kì í lọ. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù nìyí. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ìrìn àjò séèfù láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, ẹ ní láti ṣẹ̀dà rẹ̀ fúnra yín.

Fláàṣì: ọ̀nà tó rọrùn jù, tó sì ní ìdẹkùn kan

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi sínú rẹ̀. Kò ní háàkì kankan nínú. Lórí PS4, ẹ ki fláàṣì bọ ojú USB, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Application Saved Data Management, lẹ́yìn náà Saved Data in System Storage, kí ẹ wá yan Copy to USB Storage Device. Ẹ ó rí orúkọ àwọn géèmù. Ẹ wọ èyí tí ẹ fẹ́, ẹ máàkì àwọn séèfù tí ẹ nílò, ẹ tẹ Copy. Fláàṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ FAT32 tàbí exFAT. Tó bá jẹ́ NTFS, PS4 ò ní í dá a mọ̀. Fláàṣì 8GB ti tó ọ̀pọ̀ èèyàn lò fún ọdún púpọ̀, torí séèfù kì í sábà tóbi.

Ẹ gbé fláàṣì yẹn sórí láàpútọ́pù kí ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí fọ́ldà PS4, SAVEDATA nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà fọ́ldà kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún, lẹ́yìn náà fọ́ldà CUSA pẹ̀lú nọ́ńbà géèmù. Nínú CUSA, fáìlì méjì méjì ni séèfù kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó tóbi tí kò ní ìrù lórúkọ, àti ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ṣùgbọ́n tó parí sí .bin. Ti .bin yẹn kò ju báìtì 96 lọ. Kékeré bó ṣe wà yẹn, òun ni kọ́kọ́rọ́ èkejì. Ẹni tó bá ń fi fóònù palẹ̀ fláàṣì mọ́, tó rí fáìlì tí kò tó nǹkan kan tó sì pa á rẹ́, ti sọ èyí tó tóbi di òkú. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀.

Ìdẹkùn tí a sọ wà nínú fọ́ldà onílẹ́tà mẹ́rìndínlógún yẹn. Nọ́ńbà àkáǹtì aṣàmúlò ni. PS4 tí ẹ bá fẹ́ dá séèfù padà sí yóò wò ó bóyá aṣàmúlò tó wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Tí kò bá ní i, kò ní í kà á sí rárá, bí ìgbà tí fláàṣì ṣófo ni. Ọ̀pọ̀ PS4 tí wọ́n ti háàkì ni aṣàmúlò rẹ̀ kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kankan torí kò wọ PSN rí. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Copy kì í gbà. Ojútùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ Apollo, ní ìsàlẹ̀.

Fún PS3, ẹ lọ sí Game, ẹ yan Saved Data Utility, ẹ dúró lórí séèfù náà, ẹ tẹ àmì onígun mẹ́ta, ẹ yan Copy. FAT32 nìkan ni PS3 ń gbà. Ó rọrùn ju ti PS4 lọ, ṣùgbọ́n àwọn géèmù kan wà tí àwọn tó ṣe wọ́n ti ti séèfù wọn pa: ẹ̀rọ á sọ pé kò ṣeé kọ́pì. Ẹ má fi agídí bá a jà lórí mẹ́nù yẹn. Ẹ lọ sí FTP tàbí Apollo.

Apollo: nígbà tí séèfù kọ̀ láti kúrò nílé

Apollo Save Tool jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí ẹni tó ń jẹ́ Bucanero kọ. Ó wà fún PS3, ó wà fún PS4, ó sì wà fún àwọn ẹ̀rọ Sony míràn. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù mẹ́ta ni. Ó ń kọ́pì séèfù tí wọ́n tì pa. Ó ń tún ìbuwọ́lù séèfù, ìyẹn àmì tó ń sọ ẹni tó ni ín, ṣe kí ti ẹlòmíràn lè di tiyín. Lórí PS4, ó tún ń fún aṣàmúlò tí kò wọ PSN rí ní nọ́ńbà àkáǹtì, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ kẹta yìí ni a rò pé gbogbo ẹni tó ní PS4 tí wọ́n ti háàkì gbọ́dọ̀ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ṣí Apollo, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe activation fún aṣàmúlò, ẹ yan orúkọ yín. Yóò fún yín láyè láti tẹ nọ́ńbà onílẹ́tà mẹ́rìndínlógún. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, lẹ́yìn náà ẹ pa PS kí ẹ tún tàn án. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Copy to USB yóò máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ pátápátá, tí ẹ ra òmíràn, nọ́ńbà kan náà tí ẹ bá tẹ̀ sínú Apollo lórí ẹ̀rọ tuntun ni yóò jẹ́ kí fláàṣì àtijọ́ ṣí. Ẹni tí kò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ṣì lè rí i lórí fláàṣì, torí òun ni orúkọ fọ́ldà yẹn.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tí PS4 mẹ́rin márùn-ún wà nínú rẹ̀ lè jẹ àǹfààní ńlá níbí. Ẹ tẹ nọ́ńbà kan náà sórí gbogbo ẹ̀rọ. Oníbàárà tó ń gbá Career lórí ẹ̀rọ kìn-ín-ní lè wá lọ́jọ́ kejì, kí ó bá ẹlòmíràn lórí ìjókòó, kí ẹ fi fláàṣì gbé séèfù rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀rọ kẹta láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí ìbuwọ́lù kankan láti tún ṣe.

Níbo ni Apollo ti kù díẹ̀ káàtó? Àkọ́kọ́, kò lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé háàkì ti wọlé. PS4 tó ń lo GoldHEN àti PS3 tó ń lo HEN máa ń pàdánù háàkì nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá kú pátápátá, ìyẹn ni pé ìgbàkígbà tí iná bá lọ, ẹ ní láti tún háàkì gbé wọlé kí ẹ tó ṣí Apollo. Copy to USB kò ní wàhálà yẹn. PS3 tó ní CFW gidi, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n ti yí padà tó sì ń dúró sínú ẹ̀rọ, kò ní i pẹ̀lú, ṣùgbọ́n PS3 onípẹlẹbẹ tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní Super Slim, HEN nìkan ló lè gbà.

Èkejì, títún ìbuwọ́lù ṣe kì í sọ séèfù géèmù kan di ti òmíràn. Séèfù tó wá láti inú BLUS, ìyẹn ti Amẹ́ríkà, lè má ṣí lórí BLES ti Yúróòpù bó tilẹ̀ jẹ́ géèmù kan náà ni. CUSA bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: nọ́ńbà méjì, ilé méjì. Kí ẹ tó gba séèfù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní nọ́ńbà géèmù rẹ̀ kí ẹ fi wé tiyín. Ìbéèrè kan yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa kọ́pì séèfù sí ibòmíràn kí ẹ tó jẹ́ kí Apollo fọwọ́ kàn án. Ohun tó bá yí padà ti yí padà.

FTP: ọba lórí PS3, àlejò lórí PS4

FTP ni kí fóònù tàbí láàpútọ́pù máa wo inú háàdì dísìkì PS láti òkèèrè. Lórí PS3, webMAN MOD tàbí multiMAN ló ń ṣí i, ojú ibodè rẹ̀ sì ni 21. Lórí PS4, GoldHEN ló ń ṣí i, ojú ibodè rẹ̀ ni 2121. Ẹ so PS mọ́ hotspot fóònù yín, ẹ wo nọ́ńbà IP rẹ̀ nínú Network, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ètò FTP tó wà lórí fóònù pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ibodè. Kò jẹ dátà kankan, torí àárín fóònù àti PS nìkan ni fáìlì ń rìn. Ẹ tilẹ̀ pa dátà fóònù náà kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe torí owó nìkan; PS4 tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa sọ́fítíwíà tuntun wá láìbéèrè.

Lórí PS3, ọ̀nà yìí ni a yàn láàyò. Ẹ gbé fọ́ldà savedata odidi, bó ṣe wà, bọ́ sórí láàpútọ́pù. Séèfù tí wọ́n tì pa àti èyí tí wọn kò tì pa, gbogbo wọn ló máa bá a lọ, nítorí FTP kò mọ̀ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ títì. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ dá fọ́ldà tí ẹ nílò padà sí ibi tó ti wá lórí ẹ̀rọ kan náà, lábẹ́ aṣàmúlò kan náà, géèmù á ṣí i. Orí ẹ̀rọ mìíràn ni Apollo ti máa ń wọlé, torí PARAM.PFD mọ ẹ̀rọ àti aṣàmúlò tó ni séèfù.

Lórí PS4, ẹ má tan ara yín. Ẹ ó rí séèfù nínú /user/home/, ẹ ó rí àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sdimg_, ẹ ó sì kọ́pì wọn láìsí wàhálà. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dá wọn padà ni ọ̀rọ̀ máa bẹ́yìn yọ. PS4 ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, savedata.db, tó ń kọ orúkọ gbogbo séèfù sí. Séèfù tí ẹ fi FTP jù sínú ilé láìkọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yẹn, PS4 ò mọ̀ ọ́n. Fún PS4, ẹ lo Copy to USB tàbí Apollo, kí ẹ fi FTP sílẹ̀ fún gbígbé ohun tí Apollo ti dì sílẹ̀.

Ẹ̀dà gbogbo ẹ̀rọ

Back Up and Restore wà lábẹ́ System nínú Settings PS4. Backup Utility wà lábẹ́ System Settings lórí PS3. Ohun gbogbo ló ń dì pọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo la gbà pé ó yẹ: nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ háàdì dísìkì inú ẹ̀rọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó lọ́ra, ó ń fẹ́ iná tó dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àti pé láti dá a padà, ó máa kọ́kọ́ nu ohun gbogbo tó wà lórí PS kúrò. Ẹ ò lè yọ séèfù kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Lórí PS3, séèfù tí wọ́n tì pa tó wà nínú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í padà sórí ẹ̀rọ mìíràn. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ínfátà tí bátìrì rẹ̀ kún, kì í ṣe iná tó lè lọ.

Bí ẹ bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, báyìí ni wọ́n rí:

| Ọ̀nà | Ó ń fẹ́ háàkì? | PS3 | PS4 | Ibi tó ti kù |
|---|---|---|---|---|
| Fláàṣì | Rárá | Ó dáa, àfi séèfù tí wọ́n tì pa | Ó dáa jù, tí nọ́ńbà àkáǹtì bá wà | Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ bára mu lórí PS4 |
| Apollo | Bẹ́ẹ̀ ni | Fún séèfù títì àti ti ẹlòmíràn | Fún nọ́ńbà àkáǹtì àti ti ẹlòmíràn | Iná lọ, háàkì lọ |
| FTP | Bẹ́ẹ̀ ni | Ó dáa jù | Kò tó fúnra rẹ̀ | savedata.db |
| Gbogbo ẹ̀rọ | Rárá | Pípààrọ̀ dísìkì nìkan | Pípààrọ̀ dísìkì nìkan | Ó lọ́ra, ó ń nu ohun gbogbo |

PS2: káàdì gidi tàbí káàdì inú fáìlì

PS2 kò ní àpúdéètì, nítorí náà ìdajì wàhálà ti kúrò. Ohun tí ẹ ń yàn ni mẹ́mórì káàdì 8MB tàbí VMC, fáìlì tí OPL, ètò tó ń ṣí géèmù PS2 láti orí fláàṣì, ń ṣẹ̀dá sínú fọ́ldà VMC lórí fláàṣì tó sì ń ṣe bíi káàdì. VMC kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ sì lè ṣẹ̀dá ọ̀kan fún géèmù kọ̀ọ̀kan. Àléébù rẹ̀ ni pé tí iná bá lọ níbi tí géèmù ti ń kọ nǹkan sí i, gbogbo séèfù inú fáìlì yẹn ló lè bàjẹ́ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé kí géèmù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Fáìlì náà kò sì gbọ́dọ̀ fọ́nká lórí fláàṣì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ OPL máa kọ̀ ọ́. Ẹ fọ́máàtì fláàṣì, ẹ kó géèmù àti VMC sórí rẹ̀ tẹ̀léra lẹ́ẹ̀kan.

Káàdì gidi, ẹ lè fi uLaunchELF kó séèfù inú rẹ̀ sórí fláàṣì: ẹ dúró lórí fọ́ldà séèfù nínú mc0 (káàdì), ẹ tẹ R1, ẹ yan Copy, ẹ lọ sí mass (fláàṣì), ẹ tún tẹ R1, ẹ yan psuPaste. Ó máa di fáìlì kan ṣoṣo tó ń parí sí .psu. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn káàdì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 64MB tàbí 128MB sí lára. Wọ́n máa ń ba séèfù jẹ́ láìsí ìdí kankan tí ojú rí.

Ẹ̀yin tó ń pààrọ̀ PES lórí PS2 láti sáà dé sáà, option file, ìyẹn fáìlì tó gbé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ dání, náà séèfù ni. Tí ẹ bá gbé géèmù sáà tuntun wọlé, tí option file àtijọ́ ṣì wà lórí káàdì, òun ni géèmù máa ṣí, àwọn agbábọ́ọ̀lù á wá dàrú: orúkọ ẹni yìí, ojú ẹni yẹn. Ẹ kó ti àtijọ́ kúrò lórí káàdì kí ẹ tó tan géèmù tuntun.

Àpúdéètì: kí ẹ gbà á, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀?

Oríṣi àpúdéètì méjì ni, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Àpúdéètì sọ́fítíwíà ẹ̀rọ, ẹ má gbà á, àyàfi tí ẹ bá ti rí i dájú pé háàkì wà fún ẹ̀yà tuntun náà. PS4 tó wà lórí 9.00 tó bá ṣèèṣì gun òkè, kò sí ọ̀nà ìpadà tó rọrùn. Ẹ lọ sí Settings, System, Automatic Downloads, kí ẹ yọ máàkì kúrò lára System Software Update Files àti Application Update Files. Tí ẹ̀rọ bá ti fa ọ̀kan wá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wá a nínú Downloads lábẹ́ Notifications, ẹ tẹ OPTIONS, ẹ pa á rẹ́.

Àpúdéètì géèmù ló ń fẹ́ ìrònú. Òfin kan ló borí: séèfù máa ń gun òkè, kì í sábà sọ̀kalẹ̀. Séèfù tí ẹ ṣe lórí ẹ̀yà 1.00 máa ń ṣí lórí 1.05. Èyí tí ẹ bá ti ṣí tí ẹ sì ti pamọ́ lórí 1.05, ọ̀pọ̀ géèmù kì í gbà á mọ́ lórí 1.00. Nítorí náà, ẹ̀dà séèfù tó ní iye lórí ni èyí tí ẹ ṣe ṣáájú àpúdéètì. Lórí PS4, ẹ dúró lórí àwòrán géèmù, ẹ tẹ OPTIONS, ẹ yan Information, ẹ ó rí ẹ̀yà tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń gbá géèmù ìtàn, tó máa parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lè fi ẹ̀yà tó bá a níbẹ̀ sílẹ̀ tí kò bá ní àṣìṣe tó ń dá a dúró. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí ó gba àpúdéètì àti data pack tó fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ Master League, kí ó sì dúró síbẹ̀. Master League tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí data pack kan lè kọ̀ láti ṣí lọ́jọ́ tí data pack náà bá sọnù. Ẹni tó ń lé gbogbo àpúdéètì tó bá jáde láàárín sáà ló ń wá wàhálà jù, a ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti háàkì. Ìdí kan ni pé àpúdéètì géèmù lè béèrè sọ́fítíwíà tó ga ju ti ẹ̀rọ yín lọ, géèmù tó ń ṣí lánàá kò wá ní í ṣí mọ́.

Tí ẹ bá kábàámọ̀, PS3 rọrùn jù: ẹ lọ sí Game Data Utility, ẹ pa dátà géèmù yẹn rẹ́, àpúdéètì ti lọ, séèfù sì wà níbi tó wà nínú yàrá tirẹ̀. Lórí mẹ́nù PS4, ẹ ò lè yọ àpúdéètì nìkan. Odidi géèmù lẹ máa pa rẹ́, kí ẹ tún un gbé wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Pípa géèmù rẹ́ kì í pa séèfù rẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Pípa aṣàmúlò rẹ́ ló ń pa á, àti Initialize, èyí tó ń nu gbogbo ẹ̀rọ.

Ohun kan tún wà tó kan àyè àti iná. Nígbà tí PS4 bá ń fi àpúdéètì sórí géèmù, ó máa ń ṣẹ̀dà géèmù náà lórí dísìkì kó tó pa ti àtijọ́ rẹ́. Géèmù tó jẹ́ 45GB lè béèrè àyè òfìfo tó súnmọ́ bẹ́ẹ̀, kódà bí àpúdéètì náà kò ju 2GB lọ. "Copying" tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ nìyẹn. Lórí háàdì dísìkì àtijọ́ ó lè pẹ́ gan-an. Tí iná bá lọ láàárín rẹ̀, géèmù lè má ṣí mọ́, dísìkì náà sì lè fara gbọgbẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ mọ̀ pé iná àdúgbò yín máa ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ kún sàn jù. Bí PS4 bá padà dé tó ń ṣe wọ́kuwọ̀ku, ẹ pa á, ẹ tẹ bọ́tìnnì agbára mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró kejì, nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá méje, ẹ fi wáyà so pádì mọ́ ọn, ẹ yan Rebuild Database tó jẹ́ nọ́ńbà 5. Kò fọwọ́ kan séèfù. Ẹ má ṣèèṣì lọ sí Initialize lábẹ́ rẹ̀.

Switch, fún àwọn díẹ̀ tó ní i

Séèfù Switch kò sí lórí SD káàdì; inú ẹ̀rọ ló wà. Ètò méjì, JKSV àti Checkpoint, ló ń kó o jáde sórí káàdì, àwa yàn JKSV. Tí ẹ bá ń lo emuMMC, ìyẹn ẹ̀dà ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ tí háàkì ń lò lọ́tọ̀, séèfù tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ gan-an, ẹ ní láti kó méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fọ́máàtì káàdì sí FAT32, torí exFAT máa ń bàjẹ́ lórí Switch. Tí àpúdéètì bá dé, Atmosphère, tó jẹ́ háàkì Switch gan-an, lẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn náà sọ́fítíwíà ẹ̀rọ. Tí ẹ bá ṣe é ní ìdàkejì, ẹ̀rọ lè má gbéra pẹ̀lú háàkì.

Bí a ṣe máa yàn án

PS4 ilé tí ẹnì kan ń lò: nọ́ńbà àkáǹtì láti ọwọ́ Apollo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà fláàṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, àti lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi àpúdéètì kankan sí i. PS3: FTP odidi fọ́ldà savedata lóṣooṣù, bí ẹ bá sì ní láàpútọ́pù, ẹ má lo fláàṣì rárá. Ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ń wọ̀: nọ́ńbà kan fún gbogbo PS4, fláàṣì kan fún oníbàárà ìgbà gbogbo, UPS 650VA lábẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí àyè lè wà láti pamọ́ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ dáadáa nígbà tí iná bá lọ.

Fọ́ldà tí ẹ bá kó sórí láàpútọ́pù, ẹ kọ nọ́ńbà géèmù, ẹ̀yà rẹ̀ àti ọjọ́ sí orúkọ rẹ̀, kí ó jẹ́ CUSA, 1.04, ọjọ́, oṣù. Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dà kan, ẹ fi séèfù tí kò ṣe pàtàkì dán an wò: ẹ kó o sórí fláàṣì, ẹ pa á rẹ́ lórí PS, ẹ dá a padà, ẹ ṣí géèmù. Tí ó bá ṣí, ẹ wá kó Master League.